Cha Jing ti Lu Yu: Ìwé Tíì Àtijọ́ Lẹ́bàá Àwo Sàmósà

Ẹni tó bá ṣí Cha Jing torí kó lè mọ irú tíì tó bá irú oúnjẹ kan mu, yóò wá a títí. Lu Yu, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n bí ní ọdún 733, kò to tíì ti oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn ìwé ìdáná òde òní. Orí mẹ́wàá ló pín ìwé rẹ̀ sí, láti orí ìpilẹ̀ṣẹ̀ igi tíì dé orí sísè, mímu àti àwọn ilẹ̀ tí ewé rẹ̀ ti ń wá. Ìwé kékeré ni, àmọ́ òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó dá lórí tíì nìkan. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Francis Ross Carpenter ṣe ní 1974 ni mo kà. Kí ni ìwé tó ti lé ní 1,200 ọdún fẹ́ sọ fún ẹni tó ń jẹ sàmósà ní Fate, ní Ìlọrin?

Ìbéèrè náà kì í ṣe àwàdà, nítorí oúnjẹ ilẹ̀ Éṣíà kì í ṣe àlejò ní Ìlọrin mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín small chops lóde ìyàwó, sàmósà àti spring roll á wà pẹ̀lú puff-puff nínú abọ́ kan náà. Indomie, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Indonéṣíà, dé Nàìjíríà ní 1988. Láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà. Bó bá di alẹ́, mai shayi, ìyẹn ẹni tó ń po tíì tà, á se é, á din ẹyin sí i, á sì po tíì gbígbóná tì í. Iṣẹ́ tí a ń wá nínú ìwé ni wọ́n ń ṣe létí títì.

Orí karùn-ún ló lágbára jù nínú ìwé náà. Lu Yu fi omi orí òkè ṣíwájú, ó fi ti odò tẹ̀lé e, ó fi ti kànga kẹ́yìn. Ó ní tó bá jẹ́ omi kànga la máa lò, ká pọn ọ́n níbi tí èrò ti ń pọn lemọ́lemọ́. Ó tún wo bí omi ṣe ń hó. Bí èéhó rẹ̀ bá dà bí ojú ẹja, iyọ̀ díẹ̀ ló kàn. Bó bá ń yọ létí ìkòkò bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, a ó da ewé lílọ̀ sí i. Bó bá ti ń ru bí ìgbì, ó tó. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ti gbó jù. Ẹni tó ń fi omi bọ́hóòlù po tíì yẹ kó ka ibí yìí, nítorí omi tó ní èròjà ilẹ̀ púpọ̀ máa ń sọ tíì di ṣíṣókùnkùn, awọ á sì léfòó lórí rẹ̀.

Orí keje ni oúnjẹ ti yọjú, inú ìtàn ló sì gbà wọlé. Yan Ying, olóyè ńlá nílẹ̀ Qi ní Ṣáínà àtijọ́, ìrẹsì tí wọn kò gún dáadáa, ẹyẹ sísun mẹ́ta, ẹyin márùn-ún, tíì àti ẹ̀fọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó dùn jù ni ti Lu Na, tí ènìyàn ńlá kan, Xie An, fẹ́ wá kí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Lu Na rí i pé wọn kò ṣètò nǹkan kan, ló bá dáná ní ìkọ̀kọ̀. Àlejò dé, Lu Na gbé tíì àti èso kalẹ̀, ọmọ náà bá gbé àsè jáde. Bí àlejò ti lọ tán ni Lu Na na ọmọ náà ní ogójì pàṣán, pé ó ba ìwà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì òun jẹ́. Ilé Yorùbá wo ni wọ́n ti ń na ọmọ torí pé ó fún àlejò lóúnjẹ? Àmọ́ ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ìwé yìí lórí oúnjẹ wà: tíì kì í bá àsè rìn, ìpanu ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Orí kẹfà ni èmi àti Lu Yu kò ti gba ti ara wa. Ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń fi àlùbọ́sà, atalẹ̀, èèpo ọsàn àti míǹtì sí tíì. Ó ní omi gọ́tà ni wọ́n ń mu, ó sì kédàárò pé àṣà náà kò dópin. Bẹ́ẹ̀ òun náà ń bu iyọ̀ sí tirẹ̀! Àwọn ará Íńdíà tó ń se tíì pọ̀ mọ́ mílíìkì àti atalẹ̀, tí wọ́n fi ń jẹ sàmósà, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Tíì dúdú máa ń fún ahọ́n pọ̀, ó ń ṣan òróró kúrò lẹ́nu. Mílíìkì ń dín fífún náà kù, atalẹ̀ sì ń bá ata inú sàmósà ṣe. Mai shayi tó fi atalẹ̀ sí tíì kò ṣẹ̀. Èyí tó da mílíìkì àti ṣúgà bò ó títí adùn ewé fi pòórá ni ọ̀rọ̀ Lu Yu bá wí.

Ibòmíràn tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó kì í ṣe ẹ̀bi Lu Yu. Ewé gígún tí wọ́n mọ pọ̀, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì lọ̀, ni tíì tó mọ̀. Tíì dúdú àti oolong kò tíì sí nígbà náà. Nítorí náà, a kò lè bi í ìdí tí àwọn ará Guangdong fi ń mu tíì pu'er sí ìpanu dim sum wọn, tàbí tí àwọn ará Japan fi ń jẹ ohun dídùn kí wọ́n tó mu tíì matcha kíkorò.

Ìwé yìí kò lè yan tíì fún oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ni bí a ṣe ń po tíì tí oúnjẹ kò ní borí. Kí ẹni tó bá rà á ka orí karùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, kó gbádùn orí keje, kó sì bá orí kẹfà jiyàn bó ṣe ń jẹ sàmósà rẹ̀ lọ.