Omi Òkun Inú Ìgò

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. Lọ́jọ́ tí a jọ ka ìtàn kúkúrú tí ọ̀rẹ́ wa ará Iléṣà kọ, èmi ni mo kọ́kọ́ ta kò ó. Ìtàn náà kò gùn. Ojú bàbá kan fọ́, ọmọ rẹ̀ kan lọ sí Èkó lọ wá owó oògùn. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó bu omi òkun sínú ìgò. Kó tó délé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ilẹ̀ bàbá tán. Àdá nìkan ni bàbá rí fún un.

Mo ní, "Kí ló kan omi òkun nínú oògùn ojú? Yọ ọ́ kúrò jàre." Ọ̀rẹ́ wa dákẹ́. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ lóòótọ́.

Àṣé èmi ni mi ò gbọ́ ohun tó ń wí! Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "Ọwá Obòkun" lórí rédíò, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé òkun wo. Ajíbógun ni wọ́n ní ó lọ bu omi òkun tí wọ́n fi wo ojú Odùduwà. Kó tó dé, àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ yòókù ti pín ogún, idà ló kàn án. Ẹ wá wo ìgò yẹn. Ẹ wo àdá yẹn.

Ká ní ìkòkò aró ló fọ́ sínú odò nínú ìtàn náà ni, èmi ọmọ Òṣogbo ì bá ti mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bá wí, lọ́jọ́ tí igi tí àwọn èèyàn Lárọ́òyè gé wó lu odò. Bẹ́ẹ̀, Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ní Lárọ́òyè fúnra rẹ̀ ti wá. Ilé ò jìnnà, etí ni ò gbọ́.

Bí ohun kan nínú ìtàn kúkúrú bá dà bí ẹni pé kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ má tètè ní òǹkọ̀wé ṣìnà. Ẹ bèèrè ibi tó ti mú un wá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ìtàn tuntun ti yà kúrò lára ti àtijọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ojú Odùduwà là, ti bàbá inú ìtàn yìí kò là. Ẹni tó mọ ìtàn Obòkun á ti máa retí ìmọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí òkùnkùn náà fi dun èèyàn.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ṣì fẹ́ kó tún ṣe: gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, níbi tí ọmọ náà ti ń ṣàlàyé pé ayé ò da. Àdá ọwọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́. Ìyẹn ni kó yọ. Kó fi omi òkun sílẹ̀.