Gègé Lọ́wọ́ Ọ̀dọ́mọbìnrin

Àwọn kan gbà pé àbímọ́ni ni ẹ̀bùn ìwé kíkọ, pé ẹni tí a kò bá dá a mọ́ kò lè kọ́ ọ. Àwọn mìíràn gbà pé òfin ni, pé ẹni tí ó bá ti mọ gírámà ti di òǹkọ̀wé. Èrò méjèèjì gbójú fo ohun kan tí ó ṣe kókó nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún: àgbà tí yóò jókòó tì í, tí yóò tẹ́tí sí ohun tí ó ní í sọ, tí kò sì ní já ọ̀rọ̀ náà gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò ni ẹgbẹ́ WriteGirl, tí Keren Taylor dá sílẹ̀ ní ìlú Los Angeles, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2001. Ìlànà rẹ̀ kò díjú. Ẹgbẹ́ náà a máa so ọ̀dọ́mọbìnrin kan pọ̀ mọ́ obìnrin kan tí ó mọ ìwé kíkọ. Àwọn méjèèjì a máa pàdé léraléra. Gbogbo wọn a sì máa péjọ lóṣooṣù fún ẹ̀kọ́ ewì, ìtàn àròsọ, eré orí ìtàgé àti orin. Lẹ́yìn náà ni wọn a tẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ náà sínú ìwé. Àgbà tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe olùyẹ̀wò ìdánwò. Òun pàápàá a mú gègé, a sì kọ tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba abẹ́ ìtọ́ni yìí kọjá ni Amanda Gorman, ẹni tí ìró “r” ṣòro fún láti pè ní ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, ó ké ewì níbi ìbúra Ààrẹ Joe Biden. Lóòótọ́, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò sì lè sọ pé òun ni ó sọ ọ́ di akéwì. Ohun tí ẹgbẹ́ ṣe ni pé ó fún un ní olùgbọ́ kí ayé tó gbọ́ ọ.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọmọge tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ a máa tọ àwọn àgbà obìnrin lọ láti kọ́ ẹkún ìyàwó. Yóò gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu wọn, yóò fi dánra wò láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, títí ọjọ́ yóò fi pé tí yóò máa sun ún kiri agboolé, tí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, tí yóò sì máa tọrọ ìre. Ilé-ẹ̀kọ́ ewì gidi ni èyí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìgbà kúkúrú ni ó fún ọmọ náà láti fọhùn fún ara rẹ̀. Bí ó bá ti wọlé ọkọ, oríkì ìdílé ọkọ ni a ń retí lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ sì dé, ohùn rẹ̀ kò tètè bá a wọlé. Ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin 1929 àti 1930. Obìnrin ni ó ń sọ ìgbésí ayé ara rẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ ọ́. Ọgbọ́n ńlá ni ó fi kọ ọ́. Síbẹ̀, obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí obìnrin tí a ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu ìtọ́ni wà. Olùtọ́ni tí ó bá tún gbogbo gbólóhùn ọmọ kọ ti ṣe ohun tí Thomas ṣe, láìní ẹ̀bùn Thomas. Bí iṣẹ́ ọmọbìnrin mẹ́wàá tí ó ti abẹ́ olùkọ́ kan jáde bá dún bákan náà, olùkọ́ ni ó kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Kí ó wá obìnrin tí ń kọ̀wé, kí ó ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ fi èdè tí ó fi ń ronú bẹ̀rẹ̀. Bí Yorùbá bá ni èdè náà, kí ó má ṣe sọ fún un pé ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìwé.