Iyàn Lórí Orí Tí A Kò Rí

Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ó sì ṣòro láti bá wọn jiyàn, nítorí pé ìgbà tí ọmọ bá ti di Àṣàmú tán ni a máa ń rántí bí ẹnu rẹ̀ ti rí ní kékeré. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó ṣẹnu ṣámúṣámú tí kò di Àṣàmú. Òwe kò dárúkọ wọn. Nínú gbogbo ibi tí a ti ń fi ìgbàgbọ́ inú òwe yìí ṣiṣẹ́ lóde òní, n kò mọ èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó àṣàyàn ọdọọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣeré bọ́ọ̀lù ní yunifásítì wọn. Iyàn tí wọ́n ń jà lórí rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé irú lámèyítọ́ kan ni iyàn náà jẹ́: lámèyítọ́ iṣẹ́ tí a kò tí ì ṣe.

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ gbá ní àdúgbò. Ó rí bí ẹyin. Ọwọ́ ni a fi ń jù ú, àyà ni a gbá a mọ́ tí a fi ń sáré, àwọn tí ń dènà a sì máa fi gbogbo ara kọlu ẹni tí ó bá gbé e. Ẹnì kan wà tí gbogbo eré ń ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Quarterback ni wọ́n ń pè é. Atọ́kùn ni n óò máa pè é níhìn-ín, nítorí pé bí eégún ṣe ń tẹ̀ lé atọ́kùn ni ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni ó sì máa ń fa iyàn jù lọ.

Àṣàyàn náà, draft ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti yunifásítì dé kì í yan ẹgbẹ́ tí ó wù ú. Ẹgbẹ́ ni ó ń yan ọ̀dọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá rọ jù ní ọdún tí ó kọjá ni ó ń kọ́kọ́ mú, kí àwọn alágbára má baà máa kó gbogbo ọmọ rere lọ. Bert Bell, tí ó ni ẹgbẹ́ Philadelphia, ni ó dá a lábàá, ìlú náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kejì ọdún 1936. Ẹgbẹ́ 9 ni ó péjọ, wọ́n yan ọ̀dọ́ 81. Ẹni àkọ́kọ́ tí a dárúkọ ni Jay Berwanger ti Yunifásítì Chicago. Kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣeré fún ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni àṣàyàn yìí ti ń dójú ti àwọn tí ń yàn.

Lónìí ẹgbẹ́ ti di 32, ìpele àṣàyàn sì jẹ́ 7. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti ń fi í hàn láti ọdún 1980. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ti fi ọ̀pọ̀ oṣù sọ ọ́. Àwọn kan wà tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n sọ ẹni tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú. Àgbà nínú wọn ni Mel Kiper, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lórí amóhùnmáwòrán ní ọdún 1984. Ní ọdún 1994, Kiper bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Indianapolis, tí wọ́n fi ipò karùn-ún mú Trev Alberts, adènà, tí wọ́n sì fi Trent Dilfer, atọ́kùn, sílẹ̀. Bill Tobin, tí ó ń ṣe kòkáárí àṣàyàn fún ẹgbẹ́ náà, bínú gidigidi. Ó bèèrè lójú gbogbo ayé pé ta ni ń jẹ́ Mel Kiper. Ó ní ẹ̀rí tí Kiper ní láti ṣe iṣẹ́ náà kò ju ti aládùúgbò òun tí ń pín lẹ́tà lọ.

Ta ni ó jàre? Ọdún 3 péré ni Alberts lò kí ara rẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, a lè ní Kiper ni ó jàre. Ṣùgbọ́n Dilfer náà kò tàn tó bí wọ́n ti rò ní Tampa Bay tí ó mú un. Nígbà tí ó wá gba ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù pẹ̀lú Baltimore ní oṣù kìíní ọdún 2001, ẹgbẹ́ náà jẹ́ kí ó máa lọ ní ọdún yẹn gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn dá ẹjọ́ ọjọ́ àṣàyàn, ibi tí ó bá dá ìtàn dúró ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò dúró. Lójú tèmi, àléébù àkọ́kọ́ nínú iyàn yìí nìyẹn: kò ní ọjọ́ ìdájọ́. Nítorí náà, alámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ kí á gba òun gbọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a lè mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí òjò tó rọ̀, kí oòrùn tó ràn.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan dán èyí wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ẹgbẹ́ San Francisco wà ní ipò 12 nínú ètò àṣàyàn. Atọ́kùn ni wọ́n ń wá. Wọ́n lọ bá Miami, wọ́n fún un ní ipò 12 náà, wọ́n fi ẹ̀tọ́ àṣàyàn ìpele kìíní ti ọdún 2022 àti ti 2023 lé e, wọ́n tún fi ọ̀kan ní ìpele kẹta kún un, kí wọ́n lè gba ipò kẹta. Wọn kò sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú. Iyàn bẹ́ sílẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: Mac Jones ti Alabama, tí wọ́n ní ó ní làákàyè ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, Justin Fields ti Ohio State, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tí apá rẹ̀ sì le, àti Trey Lance ti North Dakota State, tí a kò tí ì rí púpọ̀ nínú eré rẹ̀, nítorí pé àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ó ṣeré ju ẹyọ kan lọ ní ọdún 2020. Àwọn kan ní kí wọ́n mú Jones nítorí pé ó ti gbó. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n mú Lance nítorí pé ẹni tí a kò tí ì rí òpin rẹ̀ lè ga ju ẹni tí a ti rí lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fi jà á.

Lance ni wọ́n mú. Eré 4 ni ó bẹ̀rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tà á fún Dallas ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní ẹ̀tọ́ àṣàyàn ìpele kẹrin kan ṣoṣo; ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ní ọdún 2022 yẹn kan náà, San Francisco fi ipò tí ó kẹ́yìn pátápátá, ipò 262, mú Brock Purdy ti Iowa State. Àwọn fúnra wọn ti yan ọ̀dọ́ 8 kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Nígbà tí atọ́kùn tí ó kù náà ṣèṣe ní oṣù kejìlá, Purdy wọlé, kò sì padà sórí ìjókòó mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ó mú wọn dé ìdíje ìparí, wọ́n sì fi àmì ayò 25 sí 22 pàdánù sọ́wọ́ Kansas City lẹ́yìn àfikún àkókò. Ní ọdún 2025, Mac Jones, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní kí wọ́n mú ní ọdún 2021, dé San Francisco nígbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí igbákejì Purdy.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí kí á sì máa fi San Francisco rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní láárí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ Lance yóò kán, kò sì sí ẹni tí ó sọ orúkọ Purdy ní ọdún 2021. Ohun tí a lè bá wọn wí lé lórí ni èyí tí ó hàn kedere lọ́jọ́ náà, tí iyàn orúkọ mẹ́ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀: iye tí wọ́n san. Wọ́n fi ìpele kìíní ọdún mẹ́ta ra orí kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun rí ọ̀la ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ó rí i bẹ́ẹ̀? Cade Massey àti Richard Thaler, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 2017, ti ṣe ìwádìí lórí àṣàyàn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2013. Wọ́n mú ọ̀dọ́ méjì tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí a yàn tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì bèèrè bóyá ẹni tí a kọ́kọ́ mú ni ó dára jù nígbẹ̀yìn. Díẹ̀ ni ìdáhùn náà fi ju ìdajì lọ: bí ẹni ju owó ẹyọ sókè. Wọ́n tún rí i pé àwọn ẹgbẹ́ ń fi ipò òkè ṣe iyebíye ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ẹni tí ó bá ta ipò kan lókè kí ó lè gba púpọ̀ nísàlẹ̀ ni ó sábà máa ń jèrè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ojú òun kò ríran tó, ọ̀nà púpọ̀ ni ó yẹ kí ó là.

A óò ṣe àwọn aṣàyàn ní àìdáa bí a bá ní wọn kò mọ nǹkan kan. Ní ọdún 1998, wọ́n jiyàn gidigidi lórí ẹni tí ó yẹ kí Indianapolis kọ́kọ́ mú nínú Peyton Manning àti Ryan Leaf. Manning ni wọ́n mú. Ó gba oyè eléré tí ó dára jù lọ nígbà 5, nígbà tí ọ̀nà Leaf dí láàárín ọdún díẹ̀. Ojú wọn ríran lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ìgbà 28 ni ọ̀tá gba bọ́ọ̀lù tí Manning jù, eré 3 péré ni ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí nínú 16. Bí ilé tí ó wọ̀ kò bá ní sùúrù, bóyá a kì bá tí yìn ojú àwọn tí ó yàn án. Kì í ṣe ojú aṣàyàn nìkan ni ó sọ ọmọ di nǹkan. Ọwọ́ tí ó gbà á náà wà níbẹ̀, iyàn kì í sì í sábà kan ọwọ́ yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Oríṣeékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìjà kò dúró bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí tí ó tóbi, tí ó dán, ni wọ́n gbé, wọn kò sì mọ̀ pé iná kò jẹ ẹ́ dénú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí wọn sì ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà kò ní ojú tí ó mú ju tiwọn lọ. Ohun tí ó fi jù wọ́n ni pé ó gbà pé ojú òun kò lè rí inú amọ̀. Ó yà sílé bàbá rẹ̀, ó bèèrè, ó rúbọ, Àjàlá fúnra rẹ̀ ni ó sì bá a yan orí. Ìtàn yìí kò sọ fún wa pé kí á má yàn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè wá sáyé láìní orí. Ó sọ irú ọkàn tí ó yẹ kí á fi yàn.

Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ yìí jọ sí Indianapolis lọ́dọọdún kí àṣàyàn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́ àti gígùn apá, wọ́n á ní kí wọ́n bọ́ra kù díẹ̀ kí wọ́n tó gun òṣùwọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ iye sílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò lè wo èyí kí ó má rántí ọjà mìíràn. N kò ní ọjà kan náà ni. Owó ńlá ni a ń san fún àwọn wọ̀nyí, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń gbèjà wọn, ẹni tí ó bá lágbára tó sì lè kọ̀, bí John Elway ti kọ Baltimore ní ọdún 1983, tí Bo Jackson sì kọ Tampa Bay ní ọdún 1986. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ní ẹ̀yà, èdè tí a bá sì fi ń jiyàn lè sọ ènìyàn di ẹrù. Ẹni tí ó bá ń ka iye ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lè gbàgbé pé ẹni tí òun ń wọ̀n ní ìyá.

Àwọn ọmọ tiwa náà ti wà lórí òṣùwọ̀n yẹn. Adewale Ogunleye ti Yunifásítì Indiana ṣèṣe ní orúnkún. Nígbà tí àṣàyàn ọdún 2000 dé, gbogbo ẹgbẹ́ kọjá lórí orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìpele méjèèje. Miami gbà á láìyàn án. Ní ọdún 2003, ó mú atọ́kùn balẹ̀ ní ìgbà 15, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní ìpín tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ní ọdún 2024, wọ́n pe Olumuyiwa Fashanu ti Penn State sí ipò 11, fún ẹgbẹ́ Jets ti New York. Ìkan wọ ẹnu ọ̀nà iwájú, ìkan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bí mo bá gbọ́ tí àwọn oníyàn ń sọ̀rọ̀ ní àṣesílẹ̀ nípa ẹni tí ó tó àti ẹni tí kò tó, Ogunleye ni mo máa ń rántí.

N kò fẹ́ kí iyàn náà dópin, nítorí pé adùn rẹ̀ pọ̀, ó sì ń kọ́ni ní bí a ti ń wo eré. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí oníyàn, yàtọ̀ sí orúkọ tí ó fẹ́ràn, sọ iye tí ó yẹ kí á san lórí rẹ̀, ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà bí ó bá dé, àti iye ọdún tí a óò fi mú sùúrù fún un. Àwọn wọ̀nyí ṣeé mọ̀ lọ́jọ́ àṣàyàn. Bí San Francisco bá ti bi ara wọn léèrè èkínní yẹn ní oṣù kẹta ọdún 2021, bóyá wọn ì bá ṣì mú Lance. Ṣùgbọ́n wọn kì bá tí fi ọdún mẹ́ta rà á.