Aṣọ Ńlá Kọ́ ni Ènìyàn Ńlá: Àtúnyà Àwòrán Òyìnbó nínú Fọ́tò Yínká Ṣóníbárẹ́

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ tí ó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ Yínká Ṣóníbárẹ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ ankara, tí ó sì ń parí síbẹ̀. Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi hàn ni pé, nínú àwọn fọ́tò tí ó fi tún àwòrán ọlọ́dà àwọn Òyìnbó yà, kì í ṣe aṣọ ni ó ń gbé iṣẹ́ náà ró bí kò ṣe ipò tí ènìyàn wà nínú àwòrán. Iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Èkìtì kan ni òṣùwọ̀n tí ìyàtọ̀ náà yóò fi hàn.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Ṣóníbárẹ́ ní 1962, ṣùgbọ́n Èkó ni ó gbé dàgbà kí ó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1998, ó ṣe fọ́tò márùn-ún tí àkọlé wọn ń jẹ́ Diary of a Victorian Dandy, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní àwọn ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán mẹ́jọ tí William Hogarth yà láàárín 1730 sí 1740, A Rake's Progress, ni orírun wọn. Nínú ìtàn Hogarth, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jogún owó, ó ná an ní ìná àpà, ó sì bá ara rẹ̀ ní ilé àwọn wèrè.

Ṣóníbárẹ́ fúnra rẹ̀ ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú fọ́tò wọ̀nyí. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ó ṣì wà lórí ibùsùn, àwọn ìránṣẹ́ aláwọ̀ funfun sì yí i ká. Aṣọ Òyìnbó ayé Ọbabìnrin Victoria ni ó ń wọ̀. Kò sí ankara lára rẹ̀. Síbẹ̀, níbí gan-an ni àyípadà ti jinlẹ̀ jù. Nínú iṣẹ́ Hogarth, ìránṣẹ́ ni aláwọ̀ dúdú sábà máa ń jẹ́: nínú A Harlot's Progress ti 1732, ọmọdé aláwọ̀ dúdú kan ni ó gbé kẹ́tùlù wọlé. Ní ọwọ́ Ṣóníbárẹ́, ẹni tí ó ń gbé kẹ́tùlù ti di baálé ilé. Ó tún yọ ilé wèrè kúrò: agogo mẹ́ta òru, nínú fàájì, ni ìtàn tirẹ̀ parí sí. Òǹwòran Yorùbá, tí ó mọ ibi tí ọ̀nà àpà máa ń já sí, yóò dúró de ẹ̀san náà, kò sì ní í rí i. Àìrí ẹ̀san yìí ni ẹ̀gún inú iṣẹ́ náà: ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ ayé ìgbà náà ni kò san gbèsè ohun tí wọ́n jẹ.

Ní 2011, nínú Fake Death Pictures, ankara wọlé. The Death of Chatterton tí Henry Wallis yà ní 1856 wà lára àwọn àwòrán tí ó tún yà. Ní ipò akéwì ọ̀dọ́ tí ó kú sórí ibùsùn, Nelson ni ó nà gbalaja síbẹ̀, ọ̀gágun ojú omi tí ogun pa ní 1805. Ankara ni wọ́n sì fi rán aṣọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe èyí ní àṣà Yorùbá ti ṣìnà. Aṣọ àwọn ará Java ni àwọn ará Hóláńdì fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì gbé e wá tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹlẹ́rìí òwò orí òkun ni ankara ara Nelson.

Ó yẹ kí a fi èyí wé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Láti 1947 sí 1954, àwọn fadá Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, kó àwọn agbẹ́gilére jọ síbẹ̀. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, àti Làmídì Fákẹ́yẹ wà lára wọn. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n gbẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Orí tóbi ju ìwọ̀n ara lọ, ojú tutù, ìdúró sì gún gẹ́gẹ́ bí ti ère ilẹ̀ wa. Ara ni ó kọ́kọ́ di Yorùbá kí aṣọ tó tẹ̀ lé e. Nínú fọ́tò Nelson, ara ṣì wà bí Wallis ti tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Àléébù ankara náà hàn níbí. Ohun ìyanu ni fún ará Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ní Odò-Ọwá tàbí Ìjerò, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe aṣọ ẹbí, kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tí aláwọ̀ funfun ń bu omi fún, ní tirẹ̀, yóò dá òǹwòran dúró ní ìlú méjèèjì. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ni àwọn àgbà wí. Fọ́tò tí ó yí ipò padà ni yóò pẹ́ ju èyí tí ó pààrọ̀ aṣọ lọ.