Wíwò Ṣáájú Rírántí

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé àbímọ́ni ni àwòrán yíyà, pé ẹni tí Olódùmarè kò bá fún ní ẹ̀bùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Èrò yìí ni ó ń mú kí àgbàlagbà tí ó ra ìwé àti pẹ́ńsùlù pa méjèèjì tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá yẹ ìtàn iṣẹ́ náà wò dáadáa, yálà ní Èkó tàbí ní Johannesburg, a ó rí i pé èrò ọ̀hún kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé ìpalára tí ó ti ṣe ju ti pẹ́ńsùlù tí a pa tì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò mẹ́nu kan ẹ̀bùn rárá. Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣàlàyé pé inú "wò" àti "rántí" ni a ti ṣẹ̀dá "àwòrán": ohun tí a ń wò, tí a sì fi ń rántí. Onímọ̀ èdè lè bá a jiyàn lórí ibi tí "tí" gbà sọnù, ṣùgbọ́n kò sí iyàn lórí "wò". Awòran, ìyẹn ẹni tí ń wo nǹkan, kò sì fi ohun mìíràn yàtọ̀ sí àwòrán ju ohùn lọ. Wíwò ni ó ṣáájú. Ibi tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà sì ti ń kọsẹ̀ nìyẹn.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ní Midrand, ìlú tí ó wà láàrin Johannesburg àti Pretoria, tí ó sì di apá kan Johannesburg ní ọdún 2000, ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó fẹ́ ya ojú aya rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò ti ẹyinjú méjèèjì sókè sí ìtòsí irun, bẹ́ẹ̀ sì ni pé agbedeméjì àtàrí àti àgbọ̀n ni ojú wà. Yóò ya ẹyinjú kọ̀ọ̀kan bí ewé tí a kán ẹ̀kán dúdú sí láàrin. Ojú tí ó ti mọ̀ láti kékeré ni ó yà, kì í ṣe èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìrántí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wíwò.

Àwọn olùkọ́ ti wá oògùn sí i. Nínú ìwé Kimon Nicolaides tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1941, akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ojú tọ etí nǹkan lọ díẹ̀díẹ̀, pẹ́ńsùlù a sì máa bá ojú rìn láìwo ìwé. Betty Edwards, ní ọdún 1979, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dojú àwòrán kodò kí ó tó dà á kọ. Àlàyé tí obìnrin náà ṣe nípa apá ọ̀tún àti apá òsì ọpọlọ kò dúró dáadáa mọ́ lójú sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ìdánrawò náà ń ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: imú tí a dojú rẹ̀ kodò kò ní orúkọ mọ́, ìlà lásán ni. Orúkọ nǹkan ni ó ń dí ojú.

Ní àárín ìlú Johannesburg, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Gautrain ń gbé ará Midrand lọ lónìí, ìjà láàrin wíwò àti rírántí yìí di ọ̀rọ̀ ìṣèlú nígbà kan. Ní ọdún 1949 ni wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní òpópónà Polly. Ní 1952, Cecil Skotnes di alábòójútó ibẹ̀. Nínú ìwé ìgbìmọ̀ ìlú, òṣìṣẹ́ ètò ìgbafẹ́ ni ó jẹ́. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, abẹ́ orúkọ ìgbafẹ́ ni àwọn tí wọ́n ti fi ojúmọmọ ṣiṣẹ́ olówó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ ni Sydney Kumalo, Ephraim Ngatane àti Louis Maqhubela ti gbéra. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀: ṣé kí a kọ́ wọn ni, àbí kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí ohun tí a gbà pé ó jẹ́ ti Áfíríkà má bàa bàjẹ́?

Irú ìbéèrè yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ilé wa. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, bẹ̀rẹ̀ nípa dída àwòrán inú ìwé kọ. Lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó. Kenneth Murray, tí ó dé ní 1927, kò fara mọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀; ó fẹ́ kí wọ́n ya ìgbésí ayé abúlé, kí wọ́n sì súnmọ́ ọnà àbáláyé. Inú rere ni Murray fi ṣe é, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ pé ọnà àbáláyé kò níyì. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń yan ohun tí ẹlòmíràn yóò máa rántí fún un ti gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Onabolu ni ó tọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti Skotnes kò rí bákan náà, nítorí ó fún wọn ní àyè, ohun èlò àti ọ̀nà àtitajà nígbà tí àwọn mìíràn ń jiyàn.

Durant Sihlali, tí òun náà kọ́ṣẹ́ ní òpópónà Polly, fi ọ̀dà olómi ya àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú bí ó ti rí wọn gan-an. Gerard Sekoto sì ti ṣáájú rẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé ni Sekoto ní ìtòsí Pietersburg, ọwọ́ dilẹ̀ ni ó fi ń yàwòrán, kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Sophiatown ní ìparí ẹ̀wádún 1930. Ó ya àwọn ilé aláwọ̀ ìyeyè kan ní òpópónà ibẹ̀, ilé ìkóhun-ọnà-sí ti Johannesburg sì rà á ní 1940. Láti 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó Sophiatown. Àwòrán náà ṣì wà.