Ojú-ìwé kan fún aṣọ Ìbàdàndùn

Ìwé onílà kan àti lẹ́ẹ̀dì ni Àǹtí, tó ń kọ́ni ní ṣíṣe ìkànnì ayélujára, kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wà nínú báàgì, kò tíì yọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, ti ń nawọ́ sí báàgì náà. Àǹtí ní kó fi í sílẹ̀ ná. Ìyá ọmọ náà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Àdìrẹ ni ìyá ń tà ní Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn, ọmọ yìí ló sì fẹ́ ṣe ìkànnì ayélujára fún ọjà náà, irú èyí tí kò ṣe rí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Bẹẹrẹ ni wọ́n wà. Àwọn takisí Máíkírà ń fun fèrè nísàlẹ̀, ohùn wọn sì ń wọlé láti ojú fèrèsé.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ṣe?"

Ìyá ní kó ra aṣọ ni. Àǹtí kọ ọ́ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí, ó wá béèrè bí àwọn oníbàárà ṣe ń rà á báyìí. Fọ́tò ni wọ́n ń wò lórí WhatsApp, wọn á ná an, wọn á fowó ránṣẹ́ sí báńkì, wọn á sì bá wọn gbé aṣọ sínú ọkọ̀. Ta ló ń ya fọ́tò? Ọmọ ni. Ìgbà wo lọjà tuntun ń dé? Ìgbà tí wọ́n bá lọ sí Òṣogbo, tàbí sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Irú fóònù wo làwọn oníbàárà ń lò? Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú tàwọn tóun mọ̀ ló ti fọ́ lójú. Àǹtí kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tó kan iye owó, ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Èló ni n ó kọ síbẹ̀, nígbà tẹ́ni tó fẹ́ rà á ò tíì ná an?"

Mo rò pé Àǹtí á bá a jiyàn. Àwọn oníṣẹ́ ìkànnì tí mo ti rí máa ń jiyàn níbi tọ́rọ̀ bá dé báyìí, torí pé títa ọjà lórí ìkànnì pẹ̀lú káàdì báńkì ni iṣẹ́ tó ń mówó gidi wọlé fún wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú rọ́bà, ó pa àlàfo tó ti yà sọ́tọ̀ fún iye owó rẹ́. Tí kò bá ti sí iye owó lójú ìwé, ohun tí wọn yóò máa pààrọ̀ lójoojúmọ́ kò sí mọ́ nìyẹn. Tí kò bá sì sí èyí tí wọn yóò máa pààrọ̀ lójoojúmọ́, a jẹ́ pé irinṣẹ́ tó tóbi kò pọn dandan. Wọ́n ti ń yan ọ̀nà tí wọn yóò gbà kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ó yọ láàpútọ́ọ̀pù wàyí. Kò ṣàlàyé púpọ̀. Ohun kan náà ló ní kí ọmọ náà ṣe ní ọ̀nà mẹ́ta: àkọlé kan, fọ́tò kan, gbólóhùn kan àti nọ́ńbà fóònù.

Google Sites ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ń fa nǹkan, ó ń jù ú síbi tó wù ú, kí tíì tí ìyá rẹ̀ mu tó tutù, ó ti ṣe tán. Ọ̀fẹ́ ni. Àǹtí ṣí Wix hàn án lẹ́yìn náà, èyí tó lẹ́wà jù ú lọ, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá sanwó á máa gbé ìpolówó ilé-iṣẹ́ náà kiri, ohun tó bá sì kọ́ síbẹ̀ kò ṣeé kó lọ sórí sáfà ẹlòmíràn. Ó wá rántí GeoCities, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ti kọ́ ojú-ìwé wọn àkọ́kọ́, tí Yahoo sì tì pa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009. Ìyá gbórí sókè.

"Ṣọ́ọ̀bù àyágbé nìyẹn. Ọjọ́ tó bá ti wu lánlọ́ọ̀dù."

Ọ̀nà kejì ni WordPress, tó ti wà láti 2003, tí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìkànnì ayé sì ń lò. Àǹtí fẹ́ràn rẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ti fi ọ̀kan sórí láàpútọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀, ó wá mú ọmọ náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀: ibí lọ̀rọ̀ ń gbé nínú database, ibí la ti ń yan aṣọ tí ojú-ìwé yóò wọ̀, ibí ni plugin, àwọn àfikún rẹ̀, wà. Ó tọ́ka sí àmì pupa kékeré kan tó ń sọ pé nǹkan mélòó kan ń dúró de àtúnṣe. Ẹni tí kò bá máa ṣe àtúnṣe yẹn déédéé, ó ṣílẹ̀kùn fólè. "Ká ní ìwé ìròyìn lẹ fẹ́ ṣe, tàbí ilé-ìwé, tọ́rọ̀ tuntun ń jáde lójoojúmọ́, n ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé wàá máa wá wo àmì pupa yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Ọmọ náà sọ òótọ́. Ó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀nà kẹta. Àǹtí ṣí Notepad, ojú rẹ̀ sì funfun báláú. Mo rí i tí ọmọ náà fà sẹ́yìn díẹ̀.

Wọn ò kánjú. Ìlà kan sọ fún bùráúsà pé HTML ni ìwé yìí. Èyí tó tẹ̀ lé e sọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà méjì péré: yo. Lẹ́yìn náà ni charset, tó ń sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú lẹ́tà: utf-8. Lẹ́yìn rẹ̀ ni viewport, èyí tí kì í jẹ́ kí fóònù sún ojú-ìwé kéré bíi pé ojú kọ̀ǹpútà ńlá ló wà. Títẹ ni ọmọ náà ń tẹ̀, Àǹtí ń wo ìka rẹ̀. Tó bá gbàgbé láti pa àmì kan dé, kò ní sọ̀rọ̀, á fi ẹnu lẹ́ẹ̀dì kan ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà, á sì dúró.

Níbi charset ni wọ́n ti pẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Ó ní kí ọmọ náà pa utf-8 rẹ́, kó kọ windows-1252 dípò rẹ̀, kó tún ojú-ìwé ṣí. Àdìrẹ di Ã€dÃ¬ráº¹. Ọmọ náà pariwo. Àǹtí ní kó kà á: ẹ kan ṣoṣo ti di àmì mẹ́ta, torí pé báìtì mẹ́ta ni utf-8 fi ń tọ́jú ẹ, windows-1252 àtijọ́ yìí sì ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Bí a bá tilẹ̀ fo ìlà yẹn pátá, bùráúsà mìíràn lè méfò kó sì bọ́ sí i. Àǹtí ò fẹ́ kó méfò. Wọ́n dá utf-8 padà.

Ó wá ní kó tẹ Bẹ́yẹrúnkà. Kíbọọ̀dù Yorùbá tí àwọn ará YorubaName, iṣẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ṣe fún ọ̀fẹ́ ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ní ìdí tó fi yan ọ̀rọ̀ yẹn. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ẹ, kò ní fún ẹ́. Lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ wá, àmì ohùn á tẹ̀ lé e, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbé e gun orí lẹ́tà náà. Ó ń pààrọ̀ fọ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Nínú fọ́ǹtì oníṣọ̀nà kan tí ọmọ náà yàn, àmì yẹn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan y. Ó yọ ọ́ kúrò. Fọ́ǹtì tó ti wà nínú fóònù oníkálukú ni wọ́n lò níkẹyìn, èyí tí kò ní jẹ dátà ẹnikẹ́ni.

Ká sọ òótọ́, ojú-ìwé náà kò lẹ́wà ní àkókò yẹn. Ó dà bí èyí tí Tim Berners-Lee gbé jáde ní CERN ní 1991. Àmọ́ CERN dá ojú-ìwé àkọ́kọ́ yẹn padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ ní 2013, bùráúsà òde òní sì ń ṣí i láìjanpata. N ò mọ ohun mìíràn lórí kọ̀ǹpútà tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó ṣì ń jíṣẹ́ láìtún un ṣe.

Fọ́tò ló kàn. Ìyá tú àdìrẹ kan tó ní iṣẹ́ ọnà Ìbàdàndùn sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń bọ̀. Ọmọ náà yà á, fáìlì náà sì lé ní mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Àǹtí gé etí rẹ̀, ó dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́ẹ̀lì 1000, ó wá ń fa ìwọ̀n JPEG wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fa àwòrán náà tóbi, ó gbájú mọ́ ibì kan ṣoṣo, ibi tí ìyẹ́ adìyẹ ti fa ẹ̀kọ láfún tín-ín-rín láàárín òpó méjì tí wọ́n yà sára aṣọ náà. Ní 60, ìlà funfun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ mọ́ aró. Ó gbé e padà sí 75, ìlà náà jáde kedere, fáìlì ò sì tó kílóbáìtì igba. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe, gbogbo ojú-ìwé náà kò pé mẹ́gábáìtì kan.

Ọmọ náà sọ fáìlì ní "Ìbàdàndùn 1.JPG". Àǹtí yí i sí ibadandun-1.jpg: kò sí àlàfo, kò sí àmì ohùn, lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, torí sáfà tí wọ́n fẹ́ lò máa ń ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré.

Ó ku ohun tí wọn yóò kọ sí alt, ọ̀rọ̀ tí fóònù máa ń kà jáde fún afọ́jú, tó sì máa ń hàn bí fọ́tò bá kọ̀ láti wọlé. Ọmọ náà kọ "aṣọ àdìrẹ". Àǹtí yíjú sí ìyá, ó ní kí wọ́n bá òun sọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ìyá fi ìka tẹ̀ lé e: òpó Mápó rèé, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, ṣíbí rèé láàárín òpó, aró yìí kì í ṣe aró òyìnbó. Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́ bí ìyá ti ń sọ ọ́, títí kan ṣíbí. N ò rò pé a rí ẹ̀rọ tí ì bá kọ ìlà yẹn fún wọn.

Lìnkì WhatsApp rọrùn: wa.me, àmì ìdábùú, 234, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ìyá láìsí òdo iwájú. Ọmọ náà fi òdo sí i, kò lọ. Ó yọ ọ́, ó lọ.

Ó wá kan ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ọmọ náà ti gbọ́ nípa GitHub Pages, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n òfin wọn kò fàyè gba kéèyàn máa fi ṣòwò. Àǹtí mọ òfin náà. Wọ́n ra àdírẹ́sì com.ng kan tí kò ní àmì ohùn, pẹ̀lú àyè kékeré lórí sáfà. Ọmọ náà ṣí fódà public_html, ó kó fáìlì rẹ̀ sínú rẹ̀, ó tẹ àdírẹ́sì. Ojú-ìwé náà ò jáde. "Index.html" ló kọ, pẹ̀lú I ńlá. Kò dúró kí lẹ́ẹ̀dì Àǹtí dé ibẹ̀ kó tó rí i.

Fóònù ìyá ni wọ́n fi dán an wò, pẹ̀lú 3G, nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti burú. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ wọlé, Bẹ́yẹrúnkà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, fọ́tò tẹ̀ lé e. Ìyá tẹ WhatsApp, fóònù náà sì ṣí ìjíròrò fún un pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, èyí tó pa á lẹ́rìn-ín.

Lórúkọ ìyá ni wọ́n ra àdírẹ́sì náà. Orí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo ti gbọ́ tí ohùn Àǹtí le. Oníṣẹ́ púpọ̀ ló ń fi orúkọ ara wọn sí i, tí oníbàárà kì í sì í mọ̀ títí ìjà á fi dé. Ó kọ páásíwọọ̀dù sínú ìwé onílà, ó kọ ọjọ́ tí owó ọdún tó ń bọ̀ yóò pé, ó já ojú-ìwé náà, ó fà á lé ìyá lọ́wọ́.

"Ta ni yóò máa rán mi létí?" ni ìyá béèrè. Ọmọ rẹ̀ ti ń ṣètò áláàmù sórí fóònù, oṣù kan ṣáájú.