Ta ló ń kọ́ ta?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan máa ń ní lẹ́yìn 1989, ńṣe ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké Ìlà-Oòrùn Yúróòpù lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn. Irọ́ kọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ṣebí 1982 ni wọ́n dá Graphisoft sílẹ̀ ní Budapest, lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìstì? Kọ̀ǹpútà ńlá ṣọ̀wọ́n. Wọ́n kọ́ bí a ti ń fi kékeré ya àwòrán ilé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré gbòde, àwọn ayàwòrán ilé Ìwọ̀-Oòrùn ló wá ń ra ArchiCAD wọn. Nínú èdè wa, "kọ́" tá a fi ń kọ́ṣẹ́ náà la fi ń kọ́ni. Ẹni tó pè wọ́n ní ọmọ-iṣẹ́ nìkan ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà nù.